Bàbá Àyálò ní Ilé-Ìwé Tó Ń Rìn

Èmi Ọ̀jẹ́wálé yìí ni mo bí gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé-ìwé tó ń rìn káàkiri Òkè-Ògùn. Gbogbo wọn pátá, àtàwọn tó ti jáde, àtàwọn tí wọn ò tíì wọlé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi àtẹ̀gùn ilé-ìwé náà. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ lé e báyìí, ohùn rẹ̀ á dùn bí ohùn ìyàwó tuntun, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Mi ò sì gbéyàwó rí o. Mi ò ní ẹní tí mo lè tẹ́ fún ìyàwó pàápàá. Ṣùgbọ́n láàárín ìkórè iṣu kan sí òmíràn, ọmọ tí mò ń bí pọ̀ ju koríko Ìgbòho lọ, àwọn mìíràn nínú wọn tiẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n kí n tó bí wọn.

Lówùúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, eré la ń sá. Ilé-ìwé ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè, a ti ń rí òrùlé rẹ̀ tó ń mì lẹ́ǹgẹ́ lókè àwọn igi. Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ibi tí oòrùn bá gbà ló ń gbà, kì í dúró de ọba, kì í dúró de ìjòyè. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìkùukùu fi ń kọlu orúnkún rẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan lélẹ̀ ní Ṣakí, omi inú ìkòkò á dànù ní Kíṣí. Tó bá dé etí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, á kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí, á na àtẹ̀gùn sílẹ̀ kó lè gba àwọn ọmọ tuntun. Kò ní pẹ́, á dìde. Ẹni tó bá kù sílẹ̀, ó di ìkórè mìíràn.

Ìbíyẹmí, ọmọ tí mo fẹ́ bí lówùúrọ̀ yẹn, ò sì lè dúró de ìkórè mìíràn. Ẹnu ni àtẹ̀gùn yẹn máa ń wò. Ọmọ tí eyín àgbà bá ti hù tán níwájú ẹnu rẹ̀, wọ́n ní ó ti dàgbà jù fún kíláàsì àkọ́kọ́, pápá dígí ló kù fún un. Níbẹ̀ ni wọ́n tẹ́ àwọn dígí tó ń kórè oòrùn sí, ilẹ̀ lọ súà, àwọn ọmọ tí kò rílé-ìwé wọ̀ ló ń fi àkísà nu eruku orí wọn láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Mo mọ ọ̀kan tó nu dígí títí tí ojú ara rẹ̀ fi di dígí, bó o bá wò ó, ìwọ fúnra rẹ lo máa rí. Eyín Ìbíyẹmí méjèèjì ti yọrí, tọ̀tún ti fẹ́ẹ̀ gùn tán. Ọmọ náà mọ̀. Ó ti ń fi ètè bò ó láti bí ọjọ́ mélòó kan, kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Mọ́rèniké ló pọ̀n ọ́n. Ọmọ tó tó sáré fúnra rẹ̀ ni o, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ìyá rẹ̀ ní itan bó ṣe ń sáré, ṣùgbọ́n Mọ́rèniké ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n rí eruku lẹ́sẹ̀ ọmọ òun. Ọlátòún ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bàtà ọmọ lọ́wọ́ kan, òòyà lọ́wọ́ kejì, ó ń ya irun ọmọ náà lórí eré. Èmi ni mo kẹ́yìn, mo gbé àpò tí mo kó àwọn ojú àgbéwọ̀ mi sí kọ́ èjìká.

Àwọn obìnrin méjèèjì yìí, ara wọn ni wọ́n fẹ́. Mọ́rèniké ń hun àwọ̀n tí a fi ń mú ìrì, Ọlátòún ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, ilé kan ni wọ́n ń gbé, yàrá kan ni wọ́n ń sùn, ọmọ kan ni wọ́n jọ ń tọ́. Tí ẹnì kan bá ké pe "Ìyá Ìbíyẹmí" ní àdúgbò wa, orí méjì ló máa yíjú. A ti mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wọn, ẹ̀rọ omi rẹ̀ á bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, á sì rántí ẹni tó máa tún un ṣe. Ilé-ìwé nìkan ni kò mọ̀ wọ́n. Nígbà tó kúnlẹ̀ kẹ́yìn, àwọn méjèèjì mú ọmọ lọ, àtẹ̀gùn béèrè pé, "Bàbá dà?" Wọ́n ní kò sí bàbá, ìyá méjì ló wà. Àtẹ̀gùn náà ò bínú, kò bú wọn. Ó kàn ká ara rẹ̀ kò bí ẹní, ó wọlé lọ.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá yá mi. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi. Ọlátòún ti sọ lójú mi rí pé òun lè gba ẹ̀rọ tó bàjẹ́ gbọ́ ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n ta ni wọn ì bá yá? Èmi ni mo mú àwọn ọmọ opó wọlé, àwọn tí bàbá wọn lọ wa kùsà nínú aṣálẹ̀ tí kò bọ̀ mọ́, àwọn tí ìyá àgbà ń tọ́. Ní gbogbo ìgbà, ojú tí mo máa ń gbé wọ̀ kì í jọra. Ní ọjà Ṣakí ni wọ́n ti ń ta awọ ojú wọ̀nyẹn, àwọn eléré ló ń rà á. Mo ní ojú àgbẹ̀, mo ní ojú àlùfáà, mo ní ojú arẹwà ọkùnrin kan tí mi ò lè lò lọ́sàn-án nítorí àwọn obìnrin. Tòwúrọ̀ yẹn, ojú akọ̀wé kóòtù ni mo lẹ̀ mọ́ ara, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, irun imú rẹ̀ funfun báláú.

Orí eré yẹn làwọn obìnrin náà ti ń bá ara wọn jiyàn. Òfin ilé-ìwé ni pé òpó méjì ló ń gbé ilé ró, bàbá kan, ìyá kan. Ẹlòmíràn tó bá bá ọmọ wá, àlejò ni. Wọ́n á so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn, àtẹ̀gùn ò sì ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láéláé. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, wọn kì í pe àlejò. Bó bá wá dúró nísàlẹ̀ tó pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi ya, ilé-ìwé á gba orí rẹ̀ kọjá. Bí èmi bá ti di bàbá, nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ di àlejò. Mọ́rèniké ní òun ni. Ọlátòún ní rárá.

"Ìwọ lo bí i," Mọ́rèniké sọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo bí i lóòótọ́," Ọlátòún dáhùn. "Nígbà tí ibà bá mú un, ta ló máa ń ké pè?"

Mọ́rèniké tún ọmọ náà pọ̀n dáadáa. Ara mi kì í gba ọ̀rọ̀ tó wúwo, mo bá ní kí àwọn méjèèjì wọ inú bùbá kan ṣoṣo, kí wọ́n yọ orí méjì, n ó sọ fún wọn lókè pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ nílé bàbá rẹ̀. Ọlátòún ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Ọ̀jẹ́wálé, irọ́ rẹ la yá. A ò yá àwàdà rẹ."

Ilẹ̀ mì. Ilé-ìwé ti kúnlẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó ní kí Ìbíyẹmí la ẹnu. Ọmọ náà là á díẹ̀, ó tún pa á dé kíá, àtẹ̀gùn ní kí a máa gòkè bọ̀. Níbẹ̀ ni Ọlátòún ti ní òun ni àlejò, àwọn olùkọ́ sì so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Kò jà, ó tẹ orí ba fún wọn bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀gbà ọrùn.

Èrò mi ni pé ó ti parí. Nígbà àtijọ́, bó ti máa ń parí nìyẹn: mo wọlé, mo wúkọ́ bíi bàbá, mo kìlọ̀ fún ọmọ pé kó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́, mo sọ̀kalẹ̀. Àṣé nǹkan ti yí padà. Ọ̀gá Tìjání, ẹni tó jẹ́ olórí ilé-ìwé, fúnra rẹ̀ ló wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin gbọọrọ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé pé àwọn bàbá ti ń pọ̀ jù. Ó ní àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ orúkọ bàbá tó mú wọn wọlé, ó sì jọ pé ọkùnrin kan wà tó ń pààrọ̀ ojú. Mo mi orí tìyanutìyanu. Mo ní ayé ti bàjẹ́ o. Mo ní bí ọwọ́ bá tẹ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ ilé-ìwé, kó máa bá a rìn lọ sí Ìgbòho.

Nígbà tí mo rí i pé ó ń wò mí jù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí mo ṣe bí Ìbíyẹmí fún un. Mo ní alẹ́ tí wọ́n bí i, odò kún, agbẹ̀bí ò lè sọdá, mo bá fi eyín gbé agbẹ̀bí, mo gbé bẹ́ẹ̀dì sí orí, mo lúwẹ̀ẹ́ sọdá, ọ̀nì méjì sì ń tan iná fún mi. Mọ́rèniké fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá Tìjání kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Ó mú wa wọ yàrá kékeré kan. Tábìlì ló wà níbẹ̀, àwo kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀, àwo ńlá. Ojú wẹẹrẹwẹẹrẹ yí etí àwo náà ká, wọ́n ń ṣẹ́jú. Ó ní kò sí ìbéèrè kankan, kò sí ìdánwò. Kí á sáà jọ jẹun gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń jẹ ẹ́ nílé. Ohun tí àwo bá rí, òun ni ilé-ìwé máa gbà, nítorí ẹnu lè purọ́ ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ purọ́ nídìí oúnjẹ.

Ẹ wò ó, mo ti dojú kọ ẹkùn rí, mo sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí àwo yẹn, mo gbàgbé pé bàbá ni mo wá ṣe. Iyán ni, funfun báláú, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí ata rẹ̀ ń fọhùn. Àti ẹran. Kì í ṣe ẹran inú ìgò tí à ń jẹ ládùúgbò, èyí tó ń hù bí olú, tí kò ní egungun, tí kò ní itan. Ẹran tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn rí ni. Mi ò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fi òfin de ewúrẹ́ sísìn.

A bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ jẹun bíi bàbá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbọ́ èdè yẹn. Ọwọ́ mi ń lọ bí àgbàrá. Lápá ọ̀hún, àwọn obìnrin náà ò wo ara wọn rárá, Ọlátòún ń bu iyán ní òkèlè kékeré, ó ń gbé e síwájú ọmọ, Mọ́rèniké ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tutù, Ọlátòún ń yọ ewé tó le kúrò nínú ẹ̀fọ́, Mọ́rèniké ń na omi sí ọmọ kó tó béèrè. Ó dà bíi pé ara kan ló ní ọwọ́ mẹ́rin. Ọ̀já pupa yẹn ń wọ inú ọbẹ̀, Ọlátòún ò mọ̀.

Ó wá ku ẹran kan. Èyí tó léegungun, tí mùdùnmúdùn ń dán nínú rẹ̀. Ilé Yorùbá wo ni wọn kì í ti mọ èyí? Àgbà á jẹun, àgbà á dáwọ́ dúró, ohun tó bá kù nínú àwo, tàbúrò ni. Wọn kì í kọ́ ọ lẹ́nu, èèyàn á kàn dàgbà bá a. Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo ẹran náà, ó ń dúró. Mọ́rèniké fi ìka tì í sọ́dọ̀ ọmọ náà. Lẹ́ẹ̀kan náà, Ọlátòún fi ìka tì í láti apá kejì. Ìka wọn pàdé lórí egungun yẹn. Ọlátòún rántí pé àlejò ni òun, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ọwọ́ mi bá lọ. Ẹ má bi mí. Kí n tó mọ̀, ẹran náà ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Àwo náà ṣẹ́jú. Ohùn ìyá arúgbó kan jáde nínú rẹ̀, ó ní, "Òbí méjì, ọmọ kan, àlejò kan."

Ọ̀gá Tìjání mí kanlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Òfin rẹ̀ ní òpó méjì, àwo rẹ̀ ní òbí méjì, ọ̀rọ̀ ti bára mu. Ó kí mi kú oríire. Ó yí sí Ọlátòún, ó sì sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ilé-ìwé fẹ́ dìde, kí àlejò máa sọ̀kalẹ̀ lọ. Lóòótọ́, ilẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, omi inú ife ń mì.

Ọlátòún dìde. Ìbíyẹmí ti di aṣọ rẹ̀ mú, Ọlátòún ń tú ìka ọmọ náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Yèyé," ọmọ náà ní, "bí ara mi ò bá yá, ṣé ẹ máa wá mú mi?"

"Màámi máa wá." Ọlátòún nawọ́ sí Mọ́rèniké.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọ̀gá Tìjání ló dáhùn, ó ní àtẹ̀gùn kì í gbọ́ ohùn àlejò. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀.

Ẹ gbọ́ o, mo ti yege. Ọmọ ti wọlé. Kò ní nu dígí. Ohun tí wọ́n yá mi fún ti bọ́ sí i, ó ku kí n dákẹ́, kí n rọra jẹ ẹran mi, kí n sì sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀gbẹ́ni. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ọmọ lè bá wa padà sílé pẹ̀lú eyín rẹ̀ tó ń gùn lọ. Mo wo Mọ́rèniké. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gé ní apá kan, ó ń wo ọ̀já pupa yẹn tó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Mo la ẹnu. Dòní, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó lè jẹ́ irọ́, ó lè jẹ́ òótọ́, ẹnu mi kì í bi mí kó tó là. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀. Egungun ni. Ó bọ́ sórí tábìlì, ó yí gbirigbiri, ó dúró síwájú Ọ̀gá Tìjání.

Ọ̀gá Tìjání wo egungun. Ó wo ọmọ tí kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ó wá rọra bi àwo náà pé ta ni àlejò. Gbogbo ojú wẹẹrẹwẹẹrẹ yẹn yí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dojú kọ mí.

"Ẹni tó jẹ ẹran ọmọ," ni àwo wí.

Mo ní dókítà ló ní kí n máa jẹ egungun nítorí orúnkún mi. Mo ní nílé bàbá tèmi, ìṣẹ̀ṣe ni, bàbá máa ń tọ́ ẹran ọmọ wò kí májèlé má baà pa á. Mo ní láàárín ìdílé wa, ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ jù ló ń jẹ ẹran rẹ̀. Ata ọbẹ̀ yẹn sì ti mú mi láàgùn, mo rí i pé ìríran mi ń ṣókùnkùn lápá kan. Ojú akọ̀wé kóòtù ti ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Irun imú rẹ̀ ti dé àgbọ̀n mi. Ọ̀gá Tìjání na ọwọ́, ó mú un ní etí, ó sì bó o kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ojú mélòó lo ní?" ó béèrè. "Ẹ" ti tán lẹ́nu rẹ̀, "o" ló kù. "Bàbá wo ló ń já ẹran gbà mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́?"

Ó wá yí sí àwọn obìnrin náà, gbogbo ìbínú rẹ̀ sì kọsẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń ṣírò rẹ̀ nínú orí. Òfin ní bàbá kan, ìyá kan, bàbá ò sì sí. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n kò sí bí òun ṣe lè ṣe é, kí wọ́n mú ọmọ, kí gbogbo wọn máa sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni Mọ́rèniké dìde. Obìnrin tí kì í gbóhùn sókè nínú ọjà, kò gbé e sókè níbẹ̀ náà.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbé àwo sílẹ̀, kì í ṣe àwa. Ẹ ní ohun tó bá rí lẹ máa gbà. Ó ti rí wa."

Ọ̀gá Tìjání wo àwo. Bó bá ní irọ́ ni àwo pa, gbogbo bàbá ayé á tún máa wọlé bí eṣú, èmi á sì ṣíwájú wọn. Bó bá ní òótọ́ ni, òpó méjì ló wà níwájú rẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì ló wé gèlè. Ilé-ìwé ti gbé orúnkún kan. Àga yọ̀ lọ sí ara ògiri. Ó fi ọwọ́ pa orí, ó wo eyín ọmọ náà, nítorí Ìbíyẹmí ti gbàgbé láti pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ó lọ bá Ọlátòún lẹ́nu ọ̀nà, ó tú ọ̀já ọrùn rẹ̀, ó ká a mọ́wọ́.

"Àwo ní àlejò kan ló wà níbí," ó sọ fún àwọn olùkọ́ tó dúró níta. "Àlejò náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹ bá mi mú un."

Wọn ò bá mi níbẹ̀ mọ́. Mo ti gba abẹ́ tábìlì, mo ti gba àárín ẹsẹ̀ olùkọ́ kan, mo já sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọrin, mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o, mo gba ojú fèrèsé. Àtẹ̀gùn ti ń ká ara rẹ̀ bọ̀, mo fò lé e lórí. Kò kí mi mọ́. Ó sọ ilẹ̀ di jíjìn sí mi, mo fò láti ibẹ̀, gíga rẹ̀ ju òkè Àdó lọ lọ́nà méje, mo sì bọ́ sínú àwọ̀n ìrì ẹnì kan tó já gbaragada mọ́ mi lára. Lẹ́yìn mi ni wọ́n ń ké, "Ẹ mú un, bàbá àyálò, ẹ mú un."

Mo dìde, mo fi àwọ̀n wọ́lẹ̀, mo sáré. Nígbà tí mo dé etí igbó, mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ilé-ìwé ti dìde tán, ó ti kọjú sí oòrùn, ó ń gbẹ́sẹ̀. Mo wo ilẹ̀ níbi tó ti kúnlẹ̀. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀, kò sí ọmọ. Èmi nìkan ni mo sọ̀kalẹ̀.

Àwọn olùkọ́ méjì ń sọ okùn sílẹ̀ látòkè, wọ́n ń rọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀, mo sì ki eré mọ́lẹ̀.